Ojú Ọ̀tún Bàbá Díákónì

Ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi, ẹ jókòó. Ẹni tó bá ní ọsàn lọ́wọ́ kó máa bó o lọ, kó má ṣáà ta omi èèpo rẹ̀ sí mi lójú, nítorí ọ̀rọ̀ ojú gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, náírà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ pọ́n-ùn. Wọ́n ń kọ́ táǹkì omi gogoro kan sí Fìdítì, iṣẹ́ wẹ́dà ni ọkọ mi ń ṣe níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń fún un níná, òun á máa fi iná náà jó irin mọ́ irin. Bó bá ti tàn án báyìí, gbogbo àyíká á mọ́ bíi pé mànàmáná kọ̀ tí kò lọ mọ́. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ò tíì dé àdúgbò wa. Ẹ ò rí i pé eré ọ̀fẹ́ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ jó ìdí táǹkì, tẹní tàpótí ni àdúgbò kó jáde. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn gbé àtẹ rẹ̀ síwájú pátápátá. Bí iná bá ti ta pàrà, wọ́n á pàtẹ́wọ́: “Ó káre, wẹ́dà! Tún un tàn!” Orí ọkọ mi wú. Mo rò pé ó jó ibi tó ti jó tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àtẹ́wọ́ nìkan.

Dígí dúdú tí ilé-iṣẹ́ fún un láti fi bojú ti fọ́. Ó béèrè òmíràn títí, ọ̀la, ọ̀la ni wọ́n ń wí. Ó wá fọ́ ìgò ọtí kan, ó ń gba inú àfọ́kù rẹ̀ wo iná.

Mo ní, “Bàbá Ìkókó, ìgò yìí ò lè gba ojú yín là o.”

Ó ní, “Bó bá lè dá ọtí dúró, á dá iná dúró.”

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jáde: Bàbá Díákónì, tí ilé wọn kọjú sí ibi iṣẹ́ náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn ló kìlọ̀ pé ẹni tó bá jókòó wòran iná ayé, iná ọ̀run ń dúró dè é. Bí wẹ́dà ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n pa fèrèsé wọn dé gbàgà kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àdúgbò ò lè lajú, àfi èmi tí mo kọ̀yìn sí iná nítorí ìkókó. Ojú pọ́n, omi ń dà, àfi bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn àti ata sí lójú. Ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí àgbá omi mi, ó tún béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ.

Ti ọkọ mi ló burú jù. Iná tiẹ̀ ti ta sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo fà á lọ́wọ́ lọ bá akọ̀wé ilé-iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ fún wa pé òfin wà: ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa sanwó fún un títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Akọ̀wé yìí, ọmọkùnrin kan láti Ìbàdàn tó so táì mọ́rùn, nawọ́ sí wa láti òkèèrè. “Àpólò ni! Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má kó o ràn wá!” Àrùn ojú tó jà kárí ìlú ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ló ń pè bẹ́ẹ̀. “A kì í sanwó Àpólò. Kó lọ sílé pátápátá.”

“Iná iṣẹ́ yín ni,” mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbóhùn sókè kí àwọn òṣìṣẹ́ lè gbọ́. “Ìyá, ojú méjèèjì ni Àpólò ń mú. Bó bá jẹ́ iná ni, ẹ lọ wá ẹni tó fi ojú kan ṣoṣo wò ó wá, tó jẹ́ ojú kan náà ló ń dùn ún. Màá gbà.” Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí í fi ojú kan wòran.

Ẹkún ò jìnnà sí mi bí a ṣe ń lọ sílé. Àwọn ọmọ wà nílẹ̀, ìkókó wà lẹ́yìn mi. Bí wọ́n bá lé bàbá wọn báyìí, kí la ó jẹ?

Mo délé, mo bá èrò. Àwọn àgbà wa gbà pé omi ọmú ni oògùn ojú, èmi nìkan sì ni ìyá ìkókó ládùúgbò. Wọ́n tò, wọ́n gbójú sókè bí ọmọ ẹyẹ.

“Kán an sí i, ìyàwó wa!”

“Imú mi lo kán an sí!”

Ọmọ tó ni oúnjẹ ń ké, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Èrò túká tán ni mo gbọ́ ikọ́ lẹ́yìnkùlé. Bàbá Díákónì ni, wọ́n fi ìwé orin bo ojú ọ̀tún.

“Ìyàwó wa, omi ọmú díẹ̀ ni mo wá gbà. Fún ewúrẹ́ mi.”

“Ewúrẹ́ yín wòran ni, bàbá?”

“Ó lè ti yọjú. Ewúrẹ́ ò ní ìgbàgbọ́.”

“Ìwé orin tí ẹ gbé sójú yẹn ńkọ́?”

“Orin ni mò ń kọ́.”

“Ẹ dorí rẹ̀ kodò, bàbá.”

Wọ́n gbé ìwé kúrò láti tún un dì mú. Yéè! Ojú ọ̀tún pọ́n bí ẹyìn, omi ń dà níbẹ̀. Ojú òsì mọ́ lóló bí omi òjò. Mo rántí pé ihò kan wà lára pákó fèrèsé wọn, níbi tí kókó igi ti já bọ́. Ihò yẹn ò gbà ju ojú kan lọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wọn. “Bàbá, ẹ ó bá mi dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé.”

“Láéláé! Kí ìjọ wá gbọ́ kí ni?”

“Ó dáa. Ẹ bá mi kí ewúrẹ́.” Mo gbé ìkókó, mo fún un lọ́mú.

Bàbá ò lọ. Wọ́n ń wo ọmọ, ọmọ ń wò wọ́n, ó ń mu ún lọ. Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ṣé lóòótọ́ ni ọkọ rẹ ò ní dígí?”

“Àfọ́kù ìgò ló ń lò, bàbá.”

“Ìgò kí ni?”

“Ìgò ọtí.”

Wọ́n di ojú òsì náà. “Olúwa ò! Ó yá, ká lọ.”

Àwọn olójú pípọ́n di ara wọn láṣọ mú, wọ́n tẹ̀lé wa. Bàbá Díákónì nàró níwájú akọ̀wé. “Olùṣọ́ àgùntàn gbọ́dọ̀ mọ irú ẹkùn tó ń lé agbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọjú wò ó. Díẹ̀.”

“Díẹ̀ kẹ̀!” ni ọlọ́sàn pariwo. “Bàbá, ojú yín yìí wò ó dé àmín!”

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yí bàbá po bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ó ti ṣèlérí lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó gbà fún ọkọ mi: ilé ìwòsàn, owó títí ojú yóò fi yá, àti dígí dúdú tuntun.

“Àwa ńkọ́?” ni àwọn tó kù figbe ta.

“Òṣìṣẹ́ nìkan lòfin wí!”

“Òṣìṣẹ́ ni mí! Èmi ni mò ń pàtẹ́wọ́!”

Wọ́n lé gbogbo wọn síta. Mo kán omi ọmú sójú Bàbá Díákónì ní títì, lójú gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí ojú àdúgbò fi là. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ọkọ mi ní bí mi ò bá tiẹ̀ kán nǹkan kan sí i, á là. Mi ò sọ fún àdúgbò.

Ọkọ mi àti Bàbá Díákónì ti lọ sọ́run báyìí. Ọmọ iṣẹ́ ọkọ mi ló jogún dígí dúdú. Ilé Bàbá Díákónì kan àkọ́bí wọn. Ó pààrọ̀ òrùlé, ó kun ògiri, kò dí ihò fèrèsé. Ìkókó mi ló jogún jù. Gbogbo àdúgbò ló pín ọmú rẹ̀, nítorí náà ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn, Bàbá Díákónì onírùngbọ̀n funfun sì ń kí i ní “Ẹ̀gbọ́n mi” títí wọ́n fi jáde láyé. Nígbà tó tó gbé ìyàwó, ọmọbìnrin tó bá yà sí, wọ́n á ní, “Àbúrò rẹ nìyẹn!” Ìlọrá, ìlú mìíràn, ló ti lọ fẹ́ tirẹ̀.