Pọ́ǹpù Ńlá fún Táǹkì Ẹja Alhaji

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ní Ìgbògbò, kì í gbọ́ kí oníbàárà ní "èyí tó lágbára jù" kó má mi orí. Á ní, "Níbo ni omi náà máa gbà sọ̀ kalẹ̀?"

Lọ́dún tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ wa, Alhaji kan pè é sí Ẹ̀pẹ́, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Alhaji ń sin ẹja òkun nínú táǹkì dígí ní pálọ̀. Omi ń ṣàn láti inú rẹ̀ sí táǹkì ìsàlẹ̀, pọ́ǹpù á sì dá a padà sókè. Ó ti ra pọ́ǹpù ńlá, ó sì ti gbé e sínú táǹkì ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi okùn wọn gíga táǹkì, ó yẹ ihò tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ wò.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan èyí o. Ihò yìí kéré fún un."

Alhaji tan án. Kò pẹ́ tí omi iyọ̀ fi kún bo etí táǹkì, tó ń ṣàn lọ síbi wáyà iná tó wà nílẹ̀. Mo gbẹ́sẹ̀ kí n lọ pa pọ́ǹpù náà.

"Dúró síbẹ̀!"

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí. Ó sáré jáde lọ pa iná gbogbo ilé nídìí mítà. Nígbà tó wọlé padà, ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wò: omi ti dé ọmọ ìka mi. Ó jókòó sílẹ̀ nínú omi náà.