Ẹsẹ̀ Tèmi Ló Máa Ń Kọ́kọ́ Wọ Omi Náà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lábúlé bíi tèmi, ẹ máa mọ òórùn tí mò ń wí yìí: koóko ọba tó ń hó nínú ìkòkò lórí iná igi, tí èéfín ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa, lẹ́yìn ìlú Akínyẹlé, ni òórùn yẹn ti máa ń pàdé mi. Ìyẹn ni pé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti ti ọjà Ṣáṣá dé, iṣẹ́ mi sì ti yá.

Ìyà jẹ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà láyé yìí. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti máa ń fi rìn lọ sóko ẹ̀gẹ́. Tó bá di ọjọ́ ọjà, wọ́n á ru gàrí títí dé títì kí wọ́n tó rí ọkọ̀ wọ̀. Gìgísẹ̀ wọn sán débi pé hóró àgbàdo lè há síbẹ̀.

Tí wọ́n bá kírun àlàásárì tán, wọ́n á jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màá gbé báàfù síwájú wọn, màá da omi koóko ọba gbígbóná náà sí i, màá bu omi tútù lé e, màá sọ ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan sí i. Kò sí bó ṣe lè rẹ̀ wọ́n tó, wọn kì í kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n á ní, “Àjọkẹ́, ti ẹsẹ̀ tìẹ bọ̀ ọ́ ná.” Tó bá ta mí, màá bu omi tútù kún un. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá ní, “Ó ti dáa, Ìyá,” ìgbà náà ni wọ́n á tó ti tiwọn bọ̀ ọ́. Wọ́n á wá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n á máa kí i: “Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú wàhálà mi.”

Ẹ̀rín á pa mí. Wọ́n á ní, “Kí lò ń fi rín? Ẹni tó gbé mi lọ tó gbé mi bọ̀, kí n má kí i ni?”

Kò ní pẹ́ tí ojú wọn á fi rọ̀, tí èjìká tí ẹrù ti tẹ̀ á wálẹ̀. Màá nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, títí kan àárín ọmọ ìka, màá fi òrí pa gìgísẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ti ṣe é, oorun wọn máa ń dùn. Èmi sì rò pé àpọ́nlé ni wọ́n ń ṣe fún mi tí wọ́n fi ń ní kí n kọ́kọ́ wọ omi. Mo máa ń fi yangàn fún àwọn ọmọ agboolé.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn ẹgbẹ́ mi ń fo okùn lẹ́yìn ilé, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka iye tí wọ́n ti fò. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo da omi sí báàfù wàràwàrà. Ìyá Àgbà ní, “Ṣé o ti tọ́ ọ wò?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, ó ti dáa.” Irọ́ gbuu! N ò ti ọmọ ìka kan bọ̀ ọ́.

N ò tíì fò tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tí mo fi rántí omi tí n ò tọ́ wò. Mo sáré padà. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ sídìí báàfù, wọ́n ń kí ẹsẹ̀ wọn, ooru sì ń rú lójú omi. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fà á yọ kíá. Mo pariwo pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ jáde. Nígbà tó fi máa jáde, ó ti pọ́n, ó ti ń lé ròrò. Wọn ò tiẹ̀ sọ pé yéè. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

Bàbá mi gbé wọn sórí ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn, èmi náà há mọ́ ẹ̀yìn wọn. Bàbá bi wá léèrè ẹni tó po omi. Ìyá Àgbà ní, “Èmi ni mo ní kó gbóná bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀.” Nọ́ọ̀sì ní ìtọ̀ ṣúgà ló ti mú kí ẹsẹ̀ wọn kú, pé kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Mo gbọ́ tó rọra sọ fún bàbá mi pé bí egbò náà bá kọ̀ tí ò jiná, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ ọ̀hún.

Gé ẹsẹ̀ kẹ̀? Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà? Àràárọ̀ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi wo ẹsẹ̀ náà, n ò ní fo okùn mọ́ láyé. Títí dòní n ò fò ó mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara tí ǹ bá fi fò ó náà ti tán.

Ó pẹ́, àmọ́ egbò náà jiná. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ilé ni báàfù wà, tí adìẹ ń mu omi òjò nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti ilé ìwé bọ̀, mo tún gbọ́ òórùn koóko ọba nídìí igi ọsàn. Ìyá Àgbà ní nọ́ọ̀sì ti gbà pé bí omi bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a ò sì pẹ́ nínú rẹ̀, kò burú. Wọ́n ní kí n gbé báàfù wá. Mo bú sẹ́kún. Mo ní mo parọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ò ti mọ nǹkan kan mọ́, Àjọkẹ́. N ò fẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́, kó má baà ní kí n má lọ sọ́jà mọ́. Ẹsẹ̀ tìẹ ni mo fi ń mọ bí omi ṣe gbóná tó. Ó yá, ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.”

Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dáa, n ò sì yọ ọ́. Wọ́n ti tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n kí tiwọn tán, wọ́n wá kọjú sí tèmi: “Ẹ̀yin kékeré, ẹ̀yin náà ẹ kú ìrìn.”

Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́. Ìyànà Ọ̀fà ni mò ń gbé báyìí, bàtà ọ́fíìsì ló sì ń fìyà jẹ ẹsẹ̀ tèmi. Lórí fóònù, àwọn ọmọ àná ń kọ́ wa bí a ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n ń polówó iyọ̀ olóòórùn dídùn inú ike. Ẹ gbà mí o, ṣé èmi ni wọ́n ń kọ́! Òótọ́ kúkú ni wọ́n ń sọ: ara á balẹ̀, ẹsẹ̀ tó wúwo á fúyẹ́. Mo ní kẹ́tù oníná, mo ní báàfù oníke, n ò wá igi, n ò fẹ́ná. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ò ní ìkankan nínú wọn, àmọ́ ó ní ẹni tó fọkàn tán ẹsẹ̀ rẹ̀; ó parọ́ fún ẹni náà, ẹni náà sì tún fọkàn tán an. Àárò Ìyá Àgbà ń sọ mí.

Bí mo bá ti da omi tán nírọ̀lẹ́, màá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, màá fà á yọ, màá bu omi tútù kún un. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi á ti sọ ọ́: “Ó ti dáa, Ìyá.” Màá wá sún ẹsẹ̀ mi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú báàfù, màá fi àyè ìyókù sílẹ̀.