Nígbà Tí Mo Jí Lórí Tábìlì Iṣẹ́ Abẹ

Mo rántí ìró ẹ̀rọ kan tó ń lu ihò. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń fẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Lekki, iṣẹ́ táìlì ni mo sì ń ṣe ní Ikate. Mo já bọ́ látòkè ilé, egungun ẹsẹ̀ mi kán nísàlẹ̀ orúnkún, wọ́n bá gbé mi lọ sílé ìwòsàn kan nítòsí Ajah láti fi irin tò ó. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, mo sùn. Bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rọ náà, mo rò pé ibi iṣẹ́ ni mo wà. Inú ń bí mi sí ẹni tó ń lu ògiri, torí pé táìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ẹnu mi ò ṣí. Ìgbà tí ìrora dé ni mo mọ̀ pé egungun mi ni wọ́n ń lù. Mi ò lè gbé ìka, omijé nìkan ló jáde. Ohùn obìnrin kan wá sọ létí mi pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Mo ti rí i. Ẹ máa sùn." Mi ò mọ nǹkan kan mọ́.

Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló ní àlá ni. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣé ọ̀gá táìlì fẹ́ yẹ iṣẹ́ dókítà wò ni. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ọkùnrin ni mí ṣá. Ṣùgbọ́n nígbà tí egungun jinná, tí wọ́n ní kí n wá yọ irin, mo kọ̀. Irin náà ò jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀, ẹni tí ò lè kúnlẹ̀ ò sì lè tẹ́ táìlì, síbẹ̀ mo sọ fún ìyàwó mi pé ó yá mi lára kí n máa ta búrẹ́dì ju kí n tún dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Kò bá mi jiyàn. Ó lọ wá dókítà tó gún mi lábẹ́rẹ́ oorun rí, ó sì mú mi lọ bá a. Ọmọdébìnrin ni lójú mi. Ó fa àga sún mọ́ mi.

"Kì í ṣe àlá, sà," ló sọ. "Èmi ni mo nu omijé yín. Oògùn mi ò tó nígbà yẹn. Ẹ má bínú."

Mo bú sẹ́kún níwájú ìyàwó mi. Dókítà ní lọ́tẹ̀ yìí òun á de apá mi kan, kí oògùn tó ń mú ara kú, èyí tí ò jẹ́ kí n lè gbé ìka lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má bàa dé ọwọ́ náà, òun á sì dì í mú. Tí mo bá jí, kí n tẹ ọwọ́ òun. Mo gbà.

Bí mo ṣe lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó ṣì dì mí lọ́wọ́ mú. Mo bi í bóyá mo tẹ ọwọ́ ẹ̀.

"Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ rárá, sà. Èmi ni mò ń tẹ tiyín."

Mo ti kúnlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé láti ìgbà yẹn, títí dé ọ̀nà èbúté ní Ibeju. Ìrora ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ń ṣá lọ́kàn mi. Ohun tí mo rántí jù ni pé ọwọ́ dókítà yẹn ṣì ń tẹ tèmi nígbà tí mo lajú. Èmi sùn wọra ní tèmi, ẹ̀rù ń ba òun nítorí mi.