Ohun Tí Arvella Tà Lábẹ́ Ilẹ̀ Bàbá Rẹ̀ Àgbà

Nígbà tí Arvella Kettering fọwọ́ sí ìwé tó fi ta ìpín rẹ̀ nínú epo abẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Oklahoma, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú báńkì kan ní Oregon, níbi tó ń gbé, ló ti fọwọ́ sí i, níwájú obìnrin tó ń fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìwé, ó sì dúpẹ́ bí ẹni tó ra búrẹ́dì lásán. Iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì; kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé àdéhùn fún un.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé láti ìgbà ọ̀dá ńlá. Bàbá àgbà ta ojú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀, kò ta ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀; òfin ibẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra oko náà lè gbin àlìkámà, kó sì da màlúù níbẹ̀. Epo àti gáàsì tó bá wà nísàlẹ̀, ti àwọn Kettering ni. Àwọn ọmọ jogún rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ náà sì jogún rẹ̀, títí ìpín kan fi kan Arvella, tí òmíràn sì kan Delbert, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tí kò fìgbà kan kúrò ní àdúgbò náà. Corinne, ọmọ kan ṣoṣo tí Arvella bí, ni ìpín tirẹ̀ ìbá bọ́ sí lọ́wọ́.

Àfi tí wọ́n bá pàdé níbi ibojì, Arvella àti Delbert kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Níbi ìsìnkú bàbá Arvella ni Delbert ti sọ lójú gbogbo èrò pé ẹni tó bá ti fi Oklahoma sílẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan ń pè é lórí fóònù ṣáá, tó ní kànga epo àtijọ́ kan ṣoṣo tó wà lórí ilẹ̀ náà ti ń gbẹ, tó sì ní òun ṣe tán láti ra ìpín rẹ̀ pátá, Arvella kò bi Delbert léèrè. Ó wo iye tí kànga náà ń mú wọlé, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ìṣirò náà sì pé. Ó tà á.

Nígbà tí oṣù Karùn-ún ń lọ sópin, ó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Oklahoma láti fi òdòdó sí ibojì àwọn òbí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìdílé ibẹ̀ ti máa ń ṣe. Òun àti ẹbí ro koríko ibojì tán, wọ́n jókòó sídìí tábìlì lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, Oleta, ìyàwó Delbert, sì ń bu adìẹ díndín àti ẹ̀wà sínú àwo.

"Arvella, o mà ti rù o. Ṣé wọn kì í jẹun ní Oregon ni?"

"À ń jẹun. A kàn kì í jẹ ẹ́ títí aṣọ á fi há mọ́ wa lára ni."

Delbert rẹ́rìn-ín. "Ẹnu yẹn ò tíì gbó. Ó dáa. A máa nílò ẹ̀ tí àwọn elépo bá wá dúnàádúrà."

"Àwọn elépo wo?"

"Àwọn tó kan èèkàn mọ́ gbogbo pápá bàbá àgbà yẹn nígbà òtútù. Wọ́n so rìbọ́n aláwọ̀ ọsàn mọ́ ọn lórí. Ọmọdé ibí gan-an mọ̀ pé kànga tuntun ni wọ́n fẹ́ gbẹ́, kì í sì í ṣe ẹyọ kan."

Arvella gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀. "Mo ti ta tèmi."

"O ta kí ni?"

"Ìpín mi. Gbogbo ẹ̀. Kí òtútù tó lọ."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Oleta.

"O ò bi mí," ni Delbert wí.

"Tèmi ni. Ṣé ó yẹ kí n wá gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Ta ló ń sọ ti àṣẹ? Ojú lásán ni mo ní. Àárọ̀ kan ò lè kọjá kí n má gbabẹ̀. Ká ní o pè mí ni, màá ní kó o má fọwọ́ sí nǹkan kan."

"Ìwọ náà ní fóònù."

Oleta ló fèsì. "Mo sọ fún un. Mo ní, 'Pe Arvella.' Ó ní ṣé tíṣà lòun fẹ́ kọ́ níwèé ni."

Arvella ní kí Delbert mú òun lọ wo pápá náà. Wọ́n dúró sí etí wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà yí i ká, atẹ́gùn sì ń fẹ́ àwọn rìbọ́n náà lẹ́lẹ́ láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé ibi tí ojú mọ. Ìṣirò Arvella kò ní àṣìṣe. Kànga àtijọ́ nìkan ló ṣírò, nítorí kò mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀.

"Wọ́n ti kọ orúkọ ẹni tó rà á sínú ìwé ní kóòtù," ni Delbert wí. "Kò ṣeé gbà padà."

"Mo mọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbí sọ pé wọ́n lu Arvella ní jìbìtì. Mo ka gbogbo ìwé yẹn kí n tó fọwọ́ sí i."

"Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

"Sọ pé mo tà á, mi ò sì bi ẹ́."

Delbert fọwọ́ lé wáyà náà. "Màá fi kún un pé èmi náà ò pè ẹ́."

Níbẹ̀, létí wáyà, ni Arvella ti pe Corinne. Ó sọ ọ́ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́: àwọn èèkàn náà, Delbert, àti ìbéèrè tí òun kò béèrè.

"Mọ́mì, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Arvella fẹ́ dáhùn, ó sì rántí pé òun kò mú ọmọ náà wá síbẹ̀ rí.

"Ó tẹ́jú," ni ó wí. "Àlìkámà ti ń pọ́n. Ó yẹ kí n ti mú ẹ wá wò ó nígbà tó ṣì jẹ́ tiwa."