Ọsán Ọrun Ìyá Mi

Òórùn àdín ni mo fi ń rántí Atakpamé, ìlú wa ní Tógò. Nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn gbígbẹ bá ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ohun tó jẹ́ awọ nílé wa ni ìyá mi máa ń fi àdín pa kó má baà sán. Lọ́dún kan, ó fi pa okùn béèsì, ohun èlò orin mi, pẹ̀lú, ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe okùn ọ̀hún. Òórùn àdín pe eku. Nígbà tí mo jí, èyí tó nípọn jù ti já.

Ayé le nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí iṣẹ́ ọ̀ràn-an-yàn níbi tí àwọn Faransé ti ń la ojú irin lọ sí Blitta, aṣọ rẹ̀ nìkan ló padà wálé. Wọn kì í mú àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ jáàsì tó ń ṣeré fún kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú. Nítorí náà ni mo ṣe rọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yẹn. Fèrè ńlá ni mo kọ́kọ́ fọn lọ́dọ̀ àwọn fadá. Nígbà tí fèrè bàjẹ́, mo ní mo mọ gìtá ta. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kọ́ mi. Nígbà tí onígìtá tó dára jù mí lọ dé láti Lomé, mo sáré gbé béèsì, igi ńlá tó ga jù mí lọ, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rù. Ìyá Oníkùn ni a ń pè é.

Lọ́jọ́ tí okùn já gan-an la fẹ́ ṣeré lọ́gbà kòmáńdà. Mo mú un lọ bá olórí ẹgbẹ́ wa. Ó ní eku ilé wa fẹ́ràn orin ju àwọn òyìnbó lọ. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbúrò, n kò lè bá ọ bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò bá ta nǹkan kan lónìí, wọ́n á mú un lọ."

Mo mú okùn náà délé. Ìyá mi wo okùn ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó wọlé, ó mú ọrun tó fi ń gbọn òwú jáde, èyí tó ti fi ń bọ́ wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọsán rẹ̀, okùn awọ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ máa fi gbọn òwú?"

"Òwú ò ní kú bí n kò bá gbọ̀n ọ́n," ló wí. "Gbà."

Mo so ó mọ́ béèsì, mo sì gbé e lọ sọ́gbà kòmáńdà. Ọsán náà tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì gbẹ. Ìka ni mo rọra fi ń ta á, ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Àwọn òyìnbó jó títí oòrùn fi wọ̀, n kò rí ẹsẹ̀ ẹnì kankan. Kò já. Wọn kò mú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ara béèsì ni ọsán náà wà, ọwọ́ lásán ni ìyá mi fi ń já òwú lórí ẹní, títí ìka rẹ̀ fi wú. Awọ tó ṣeé fi ṣe ọsán mìíràn kò rọrùn láti rí mọ́.

Níbi tí mo bá ti ń ṣeré nísinsìnyí, àwọn èèyàn a máa ní ọwọ́ mi gba gbogbo ohun èlò, pé ẹ̀bùn ni. Mo máa ń kí wọn pé wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n kí n tó ta ohunkóhun, mo ṣì máa ń gbóòórùn okùn rẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ti ìyá mi kò já. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u.