Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Roko Mọ́ Jù

Ẹni tó bá rí oko bàbá mi lónìí yóò kọ́kọ́ rò pé olóko ti kú. Pòròpórò jéró sùn kalẹ̀ káàkiri àárín ebè, koríko dúró létí ààlà, igi sábárà kéékèèké ń yọrí níbi tó bá wù wọ́n. Bàbá mi á dúró láàárín gbogbo rẹ̀, á kọ́wọ́ sẹ́yìn, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, nítorí ojú mi ló ṣe, inú sì bí mi gan-an lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Aṣọ títà ló gbé e dé Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger, ọjà Wadata ló sì ti ń tà á títí irun rẹ̀ fi funfun. Èmi ọmọbìnrin rẹ̀, ibí ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ẹnu bodè tì, tí aṣọ kò wọlé bó ti yẹ mọ́, bàbá mi gbé ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ń padà sídìí iṣẹ́ tí òun sá fún nígbà èwe, nítorí àgbẹ̀ paraku ni bàbá tirẹ̀. Ó gba ilẹ̀ díẹ̀ ní Harobanda, lódìkejì afárá, létí odò Ọya, láàárín àwọn obìnrin Zarma tí wọ́n ń gbin ewébẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé oṣù mẹ́ta ni yóò lò, kó tó rẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ bàbá mi tó bí mo ṣe rò.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ ṣákálá. Ìjọba fi òfin dáàbò bò ó nítorí igi àti ẹyẹ tó ń bà sí etí omi: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀, kò gbọdọ̀ gégi, kò gbọdọ̀ dáná sungbó. Àwọn aṣọ́gbó fàyè gba àwọn olóko, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára wọn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, iléeṣẹ́ kan gbé owó ìrànwọ́ jáde fún àwọn tó ń dáko lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí kò pa ilẹ̀ lára. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, ẹnikẹ́ni kò ní dá a padà. Kànga ni wọn yóò fi gbẹ́, wọn yóò fi ra ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn fa omi, wọn yóò sì fi ṣọgbà yí oko ká kí ẹran má wọlé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé náà yóò gba àṣẹ láti máa dáko níbẹ̀ lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ kọ́jọ́ ni wọ́n lè ní kó kó ọkọ́ rẹ̀ kúrò.

Èmi ni mo kọ dosié, ìwé tí a fi béèrè owó náà, mo sì ń fi í yangàn di òní. Ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn olóko yóò wá jókòó sí ìsọ̀ mi, á máa sọ ọ́ ní Zarma, èmi á máa kọ ọ́ ní Faransé, n ó sì tún máa wọn aṣọ fún oníbàárà láàárín méjì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kì í sun koríko. Mo kọ ọ́ pé a máa ń tẹ́ pòròpórò sórí ilẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ, pé a kì í gé sábárà, pé ìgbẹ́ màlúù ni ajílẹ̀ wa. Bàbá mi tẹ ìka sí i. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ fún ọdún kan gbáko, ìyá olórí ẹgbẹ́ ló ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ọmọ iléèwé.

Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Níbi tí bàbá mi ti wá, oko ẹni ni ojú ẹni. Bí àlejò bá ń bọ̀ lóko, wọn á ro ó, wọn á gbá ìdí igi, wọn á kó pàǹtí jọ, wọn á sì dáná sun ún. Ó máa ń sọ fún wa pé bí òun bá fi koríko kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú poro nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹ̀rúkọ́ ni bàbá òun fi ń kan òun ní kókósẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ẹrù kan náà wá sí Niamey láyé ọjọ́un. Ìsọ̀ wọn kọjú síra wọn ní Wadata, bí wọn kò bá sì tíì bú ara wọn láàárọ̀, ọjà kò tíì ṣí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọ̀rẹ́ náà wá wo oko. Ó dúró létí ààlà.

"Oko dà?" ó bi í.

"O dúró lórí rẹ̀," ni bàbá mi wí.

Ó wolẹ̀, ó wòkè. "Háà! Mo ṣebí àkìtàn àwọn ará Harobanda ni. Ìwọ, ọmọ àgbẹ̀! Bí bàbá rẹ bá jí dìde lónìí, ṣé á mọ̀ pé ìwọ lo ni èyí?"

Ẹ̀fẹ̀ ni. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe di ẹ̀rúkọ́ mú, ó sì yẹ kí n ti mọ̀ látìgbà náà.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ náà fi tẹlifóònù pè mí pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́rú láti fojú rí ohun tí a kọ. Inú bàbá mi dùn, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun náà wá, kó wá wo bí àwọn aláṣẹ ṣe ń wá kí òun lóko. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé oúnjẹ rẹ̀ dání, mo wọ takisí. Orí afárá ni mo ti rí èéfín. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe ibẹ̀. Ibẹ̀ ni.

Oko mọ́ tónítóní. Ó ti gé gbogbo sábárà mọ́lẹ̀. Ó ti ro koríko, ó ti gbá àárín ebè, ó ti kó pòròpórò ọdún kan jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná sì ń jó lórí rẹ̀. Igun kan ṣoṣo lọ́hùn-ún, létí ààlà, ni ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ń dán.

"Káàbọ̀, ìyá mi," ó ní. "Wò ó. Oko rèé báyìí!"

Mo pariwo mọ́ bàbá mi. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. "Bàbá, kí lẹ ṣe yìí? Ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wò gan-an lẹ dáná sun yẹn!" Mo gbá iná náà pẹ̀lú ẹ̀ka igi títí ó fi kú, ṣùgbọ́n aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Bàbá mi wo eérú, ó wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sórí ebè. "Àlejò ló ń bọ̀," ó ní jẹ́jẹ́. "Ṣé inú ìdọ̀tí ni kí n ti gba àlejò?"

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì nítorí ohùn mi. Mi ò tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ mi.

Ìyá olórí ẹgbẹ́ sáré dé. "Haba, Baba! Haba!" Ó káwọ́ lérí. Dosié kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà nínú rẹ̀, ohun tó bá ṣe oko kan lè ṣe gbogbo rẹ̀. Òun ló mú àbá wá: ká bo eérú mọ́lẹ̀, ká ní ẹran ló wọlé tó jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹran kúkú ń wọlé lójoojúmọ́, ìdí tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ọgbà sì nìyẹn. Irọ́ náà wúlò. Mo fara mọ́ ọn kíá. 

Lọ́jọ́rú, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ bàtà tó gùn dé orúnkún dé láti iléeṣẹ́ náà pẹ̀lú aṣọ́gbó kan. Ọ̀rẹ́ bàbá mi náà dé, nínú agbádá tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi, bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. A yípo oko àwọn obìnrin, ọ̀dọ́bìnrin náà ń kọ̀wé, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé oko bàbá mi, bírò rẹ̀ dúró.

"Mais Papa," ó ní, "qui a fait ça?" Ó ń béèrè ẹni tó ṣe é.

Mo la ẹnu. Màlúù ti wà lórí ahọ́n mi. Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè sí mi.

"Ni ne," ó wí ní Hausa. Èmi ni. Ó wá kọjú sí mi. "Tú u sí Faransé fún un, má sì fo ọ̀rọ̀ kankan. Sọ fún un pé kò sí ẹran tó wọlé. Èmi ni mo ro ó, èmi ni mo sun ún. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò mọ̀ sí i. Níbi tí wọ́n bí mi sí, a kì í jẹ́ kí àlejò bá koríko lóko ẹni. Ojú ló tì mí. Kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò, kí wọ́n má fọwọ́ kan tiwọn."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo mọ ohun tí ó ń fi sílẹ̀: ilẹ̀ yẹn gan-an ló ń dá padà fún wọn lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, orí mi sì ń wú. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí ìgbà tí bàbá mi ga tó bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ìwé rẹ̀ sábẹ́ apá. Ó lóṣòó, ó ti ìka bọ ilẹ̀ tó mọ́ náà. Ó dìde, ó lọ sí igun tí ọwọ́ bàbá mi kò dé, ó gbé pòròpórò díẹ̀ sókè, ó sì ní kí bàbá mi wá fọwọ́ kan ibẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ kàn án. Ó padà wá fọwọ́ kan ibi tó ro. Ó tún lọ. Abẹ́ pòròpórò tutù, ó rin. Apá kejì ti gbẹ bí iyanrìn ojú títì, oòrùn ọjọ́ kan péré sì ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká agbádá sókè, ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ tirẹ̀ náà kàn án. 

Wọ́n fún ẹgbẹ́ ní owó náà. Wọ́n yọ orúkọ bàbá mi. Ṣùgbọ́n aṣọ́gbó ní kó ṣì wà níbẹ̀ títí di àsìkò tó ń bọ̀, kí àwọn rí i bóyá yóò dá aṣọ pòròpórò padà sí ilẹ̀ náà lára. Àwa ọlọ́jà máa ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó pẹ́ tí mo ti ń tajà, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí ẹni tó ra òtítọ́ lójú mi.

Ọwọ́ ẹni la sì fi ń tún ìwà ẹni ṣe. Bàbá mi fi orí ara rẹ̀ ru pòròpórò láti oko àwọn obìnrin yẹn, ẹrù kan lẹ́yìn òmíràn, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Sábárà tó gé hù padà láti ìdí. Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà padà wá lẹ́yìn òjò, ó yípo oko náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ orúkọ bàbá mi lójú wa.

Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ sínú oko rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn ará ìlú wa láti Wadata wá wò ó. Bàbá mi ń mú wọn yípo, ó ń fi koríko hàn wọ́n bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn.

"Ṣé o rántí," ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, "o ní bí bàbá mi bá jí dìde?"

"Mo rántí."

"Jẹ́ kó jí. Inú á kọ́kọ́ bí i. N ó ní kó fọwọ́ kan ilẹ̀."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bó ti ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ilé: ó bẹ̀rẹ̀, ó fa koríko kan tu nínú poro.

"Fi í sílẹ̀!" ni bàbá mi ké. "Èmi ni mo fi í síbẹ̀!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo koríko ọwọ́ rẹ̀, ó wo bàbá mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó dá a padà sínú ilẹ̀, ó sì fi ìka méjì tẹ ìdí rẹ̀.