Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ti tan kí n tó dé

Mo gbọ́wọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó ti gbóná!

Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ onígásóìlì, ìyẹn dísù, ni mo lọ wò ní Sokodé lónìí, kí iṣu wa ní Kambolé má bàa jẹrà sóko mọ́.

"Bàbá, ẹ ti tan án kí n tó dé ni?"

Bàbá tó ń tà á rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, bó bá tutù, kì í tètè jí."

Mo ní ká dúró kó tutù. Nígbà tá a tún tan án, ó kọ́kọ́ kọ̀, ó wá jí. Èéfín funfun díẹ̀ jáde, ó sì tán.

Mẹkáníìkì mi tí mo mú dání yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bújì, púlọ́ọ̀gì tó ń mú un gbóná kó tó jí, ló kú, ẹ́ńjìnnì ṣì le dáadáa."

Mo rà á! Mo ti dé Tchamba, ilé kù díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra irú rẹ̀ rí, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ wò?